Ẹ̀rọ Àlùwàlá Tí Mo Ṣe fún Bàbá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n tu èyí jáde lónìí, torí ó ti há mi lọ́fun jù.

Wẹ́dà tó ń jó irin ni mí ní Ìkàrẹ́. Ọ̀kà ni bàbá mi ń gbé. Àtìgbà tó ti ṣàìsàn, ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára gbé bútà mọ́. Èèyàn ló ń bu omi sí i lọ́wọ́ ní mọ́sálásí bí ọmọdé. Ṣé ohun tí àgbàlagbà ń fẹ́ nìyẹn?

Oníbàárà mi kan, akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá, ló fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù: ẹ̀rọ tí àwọn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ ṣe, tó ń da omi àlùwàlá fúnra rẹ̀. Kò sí iná, kò sí jẹnẹrétọ̀! Omi, irin àti làákàyè ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe tèmi. Táǹkì kékeré, páìpù àti pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ ni mo lò. Tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi á ṣàn níwọ̀n àlùwàlá kan, á sì dá dúró. Mo gbé e sí mọ́sálásí wọn. Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ lò ó, kò ké pe ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ọlọ́hun á bá mi san án fún ọ." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí alága ìgbìmọ̀ mọ́sálásí pè mí. Ó ní bidíà ni, àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, pé Ànábì ò tẹ pẹ́dàlì, kí n wá gbé e kúrò. Mo fi àwòrán yẹn hàn án, mo ní Mùsùlùmí bíi tiwa ló kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ gbọ́ èsì o: ó ní ti Bàgídáàdì nìyẹn, Ọ̀kà nibí! Kí n tó padà wá gbé e, wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Bàbá mi ò jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kírun nílé.

Ààwẹ̀ tó kọjá, Alhaji kan gbé ẹ̀rọ àlùwàlá wá fún mọ́sálásí yẹn láti Dubai. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi á dà! Alága yìí kan náà ló ṣáájú àdúà, ó ní ìmọ̀ ti wọ ìlú wa. Inú bí mi débi pé mi ò lè ṣe àmín.

Síbẹ̀, mo lọ bẹ bàbá mi pé kó padà sáàárín jànmọ́ọ̀. Ó ní, "Omi tí wọ́n fi dójú ti ọmọ mi, èmi ò lè fi ṣe àlùwàlá."

Mo ti ṣe òmíràn fún un sílé. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń kírun.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ohun tó bá jìnnà ló ń níyì lójú wa, ìyẹn ò sì dáa rárá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti pe iṣẹ́ ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ̀ rí, tó tún wá ń ṣàdúà fún àlejò tó gbé irú rẹ̀ wá? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, kó má jẹ́ èmi nìkan ni mò ń bínú.