Àga Ìyá Onílé

Àga rọ́bà funfun kan wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá onílé wa ní Sabon Gari, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó bí ọmọ wọn bá wà lójú ọ̀nà. Ìbáà jẹ́ Tarauni nítòsí ló ń lọ, àfi tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti gúnlẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn wọn wá wọ bàálù lọ sí Toronto. Wọ́n bi mí pé wákàtí mélòó ni. Mo ní bí ogún.

"Kai! Ìyẹn á tó àlọ àtàbọ̀ Ọ̀fà ìlú wa!"

Wọ́n ń rìn láti géètì dé ìdí kànga, wọ́n tún ń padà, títí ẹsẹ̀ wọn fi wú bíi búrẹ́dì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Kí n jókòó, kí ọmọ mi wà lófurufú?"

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ pè pé òun ti gúnlẹ̀. Mo sáré gbé àga wá.

Wọ́n tì í padà. "Ó débẹ̀ ni. Kò tíì padà wálé."