Ẹ-Jókòó-Ná àti Páálí Ìdílé

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí obìnrin yìí, fóònù wà létí rẹ̀. Ó nawọ́ sí àga oníke kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà kí n lò ó, ó sì ń sọ fún ẹni tó wà lórí fóònù pé, "Ẹ jókòó ná, kí n tó wí nǹkan kan." Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Kò sí èsì àyẹ̀wò tó ń jáde níléeṣẹ́ wọn tí kò ní kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹni tó ni ín ti jókòó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Ẹ-Jókòó-Ná. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ wò.

Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, nínú yàrá mẹ́ta lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan. Àbúrò kàwé débi pé ó lè yẹ itọ́ ènìyàn wò, kó sì sọ ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá àti ẹni tó jẹ́ ẹbí rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní DNA ni. Ẹ̀gbọ́n kò mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ti ta awò ojú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó mọ ọjà. Bí àbúrò bá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé gígùn, á ní, "Dókítà, tọ́jú ìyẹn sí yàrá rẹ. Ẹni tó fẹ́ rà á, kí ni yóò fi ṣe?"

Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ènìyàn kì í tutọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ra awò ojú yóò padà wá: ojú rẹ̀ á tún yí padà, tàbí kí ọmọ jókòó lé awò náà, tàbí kí èyí tó wà lójú aládùúgbò wù ú ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ibi tí ìran rẹ̀ ti wá, ó mọ̀ ọ́n náà nìyẹn. Ìran rẹ̀ kò ní kó kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ń ro ọ̀rọ̀ yìí bó bá ń fọ abọ́. Ó ń rò ó bó bá ń to àwọn ìgò itọ́ sórí pẹpẹ, gbogbo wọn ní ìlà tó gún, nítorí kò lè rí ohun tó wọ́ kó má tò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń gun àkàsọ̀ lọ sókè, ó rí ọkùnrin kan tó kó bàtà gbogbo ilé rẹ̀ sínú àpò kan wá fún oníbàtà: tirẹ̀, tìyàwó, tàwọn ọmọ, títí dé sálúbàtà ìyá àgbà. Ó dúró wò ó, lẹ́yìn náà ló sáré gun òkè.

"Dókítà! Ìdílé! Gbogbo ilé ni kó tutọ́ lẹ́ẹ̀kan náà!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ mí ná."

Bí Páálí Ìdílé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ìgò kéékèèké márùn-ún nínú páálí kan, ó sì dínwó ju kéèyàn rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ètò náà, ó sì fi sí i pé fóònù ẹni tó bá sanwó ni gbogbo èsì yóò wọ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé tí wọ́n ti dàgbà ṣe rí. Èsì ilé ìwé o, káàdì ilé ìwòsàn o, ọwọ́ àgbà ilé ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀.

Páálí náà tà bí ẹni ń fọ́n ọn ká. Kò pẹ́ tí ọ̀gá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn káàkiri ìlú fi wá bá wọn. Ó ní òun yóò gbé e sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù òun, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ ìpè kankan. Kí ẹ̀rọ máa fi èsì ránṣẹ́ ní kíá. Ìyẹn kò dùn mọ́ Ẹ-Jókòó-Ná nínú.

"Wọ́n á jókòó fúnra wọn," àbúrò rẹ̀ sọ.

Ó gbà. Wọ́n tẹ páálí tuntun títí ó fi kún ọ̀nà àárín ilé dé ojú fèrèsé.

Nígbà náà ni káfíńtà kan ra tirẹ̀. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí wọ́n ṣe é. Káfíńtà pè láti béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Ẹ má jẹ nǹkan kan kẹ́ ẹ tó tutọ́," Ẹ-Jókòó-Ná sọ fún un.

"Gbogbo ilé? Lẹ́ẹ̀kan náà? Màmá, ẹ ò mọ àwọn ọmọ mi. Ẹnu wọn kì í sinmi."

Nígbà tí itọ́ wọn dé, tí àbúrò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì, ti bàbá àti ìyá wọn ni. Ọmọbìnrin yẹn, ti ìyá rẹ̀ nìkan ni. Ó ti tún un yẹ̀ wò. Ohun kan náà ló ń sọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ yóò fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

"Ta ló ń fi ránṣẹ́ sí?" ó béèrè, bí ẹni pé kò mọ̀.

"Ẹni tó sanwó. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Má fi gún mi lójú."

"Bàbá yẹn ló ra páálí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Páálí ló rà. Kò ra itọ́ ọmọ yẹn."

"Ọ̀la ni ọ̀gá olóògùn ń bọ̀ wá kó ẹrù. Tá a bá yí ètò padà báyìí, kò ní gbà á mọ́. Kí la fẹ́ fi gbogbo páálí yìí ṣe?"

"Mo rí wọn. Èmi náà ni mò ń fi ẹ̀gbẹ́ gba àárín wọn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀."

Ó lọ jókòó sórí àga oníke rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, nítorí ó fẹ́ràn páálí yẹn. Kò tíì ronú kan ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò bàtà ló ti rí i, bàbá sì lè gba bàtà ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàtà láìsí ohun tí yóò bàjẹ́. Èyí kì í ṣe bàtà. Ọmọ kan máa tó di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀, òun ló sì kọ ètò tó máa sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

"Ti èsì yẹn pa," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ti gbogbo rẹ̀ pa." Ó gbé fóònù.

"Ọ̀gá káfíńtà, ẹ jókòó ná."

"Orí àkàbà ni mo wà, Màmá."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Mo ti sọ̀. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. A yí ètò padà ni. Oníkálukú ló máa gba èsì tiẹ̀ lọ́wọ́ wa, tó bá fẹ́. Ẹni tí ò bá fẹ́, a ò ní ṣí tiẹ̀."

Ẹnì kan ń rẹ́ pákó lẹ́yìn rẹ̀. Káfíńtà ní kó dáwọ́ dúró.

"Gbogbo oníbàárà lẹ ń pè?"

"Gbogbo wọn ni mo máa pè."

"Èmi lẹ wá kọ́kọ́ pè."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Màmá, ẹ má da ara yín láàmú. Mo ti mọ̀ kí eyín ọmọ yẹn tó yọ. Èmi àtìyá rẹ̀ ti jà á, a ti parí ẹ̀, a ò tiẹ̀ rántí ibi tá a jù ú sí mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ baba ńlá nìkan ni páálí yẹn ń sọ."

"Ó ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

"Ẹ bá mi dì í mú di Sọ́ńdè. Kò yẹ kó kà á lójú fóònù. Ẹnu wa ló yẹ kó ti gbọ́ ọ."

"Ọmọ yẹn ló ni èsì rẹ̀, sà. Tó bá béèrè lọ́wọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mi ò ní pè é kó tó di Mọ́ńdè."

Nígbà tí ọ̀gá olóògùn dé lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́ àlàyé náà tán, ó mu omi, ó mi orí. "Ẹ̀yin náà lẹ wá ń dènà ọjà ara yín, mà," ó ní, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ lófìfo. Àbúrò kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ju "Ẹ káàárọ̀" lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì í nílẹ̀, ó mú páálí kan, ó sì ń lẹ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú lè máa gba èsì tirẹ̀. Wọ́n dá yàrá kan padà fún onílé. Oníbàtà ló ń kó awọ rẹ̀ sínú rẹ̀ báyìí.

Mọ́ńdè kọjá kí ọmọbìnrin káfíńtà tó wá. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n òun àti bàbá rẹ̀ ló jọ gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan gun òkè, ó sì ń pariwo pé kí bàbá rọra.

"Bàbá mi ní ẹ máa ń ní kí gbogbo ayé jókòó," ó sọ fún Ẹ-Jókòó-Ná, "àmọ́ àga kan ṣoṣo lẹ ní."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ èsì rẹ?"

"Ẹ fún mi ní ti àwọn baba ńlá. Èyí tó kù, bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi."

Káfíńtà kò wòkè. Ó ń mi ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà wò bóyá ó dúró dáadáa.

Ẹ-Jókòó-Ná ṣì wà nínú yàrá iwájú lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń pe àwọn oníbàárà níkọ̀ọ̀kan, bẹ́ǹṣì náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.