Ọjọ́ Tí Ewúrẹ́ Fọhùn

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni mò ń pè ní Olóhùn Iyọ̀. Òun ló ń kéde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tó ń sọ pé kí èrò sún sẹ́yìn, ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ gan-an kì í lè bínú sí ohùn yẹn.

Adití ni ọkọ mi. Ẹ má káàánú rẹ̀ o, ọwọ́ ni ẹnu rẹ̀ wà, ẹnu náà sì mú. Gbogbo ilé wọn ló ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, débi pé wọ́n máa ń gbàgbé pé kò gbọ́ràn. Èmi náà ti pè é láti ilé ìdáná rí, tí mo tún ń bínú pé kò dáhùn.

Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kátúùnù kan wà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí kì í fi ṣeré: Ewúrẹ́ àti Àkùkọ. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ á jẹ aṣọ tí wọ́n sá, Àkùkọ á lé e, wọ́n á jọ já sínú garawa. Ọkọ mi ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Á wá fọwọ́ fi ọ̀rọ̀ sí Ewúrẹ́ lẹ́nu, àbúrò rẹ̀ á ṣe Àkùkọ. “Aṣọ tí mo jẹ yìí, iyọ̀ rẹ̀ kò tó,” ni Ewúrẹ́ rẹ̀ máa ń wí, ilé á sì dàrú.

Lọ́dún tó kọjá, iléeṣẹ́ kan ní àwọn fẹ́ jí kátúùnù náà dìde, pé lọ́tẹ̀ yìí ẹranko yóò máa sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ Olóhùn Iyọ̀ ní ibùdó ọkọ̀, wọ́n ní kó wá ṣe Ewúrẹ́. Nígbà tí a sọ fún ọkọ mi, ijó ló bẹ́ sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, pálọ̀ mi kún. Ọkọ mi jókòó síwájú pátápátá, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ dúró sójú kan, ó ń rojọ́. Àkùkọ náà dúró, ó ń dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó sáré, kò sẹ́ni tó ṣubú. Nígbà tó yá, Ewúrẹ́ ní, “Aṣọ tí mo jẹ yìí, iyọ̀ rẹ̀ kò tó!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kọ́kọ́ wo ojú wa ná, kó tó rẹ́rìn-ín tirẹ̀.

Ó wá fọwọ́ bi àbúrò rẹ̀ pé, “Kí ni Ewúrẹ́ wí?”

Ojú ti obìnrin náà débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ là kó gbé e mì. “Kò wí nǹkan gidi,” ló fọwọ́ dáhùn. Irọ́ ni. Ojú ti èmi náà, torí mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó rántí ẹni tí mo fẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé eré náà kúrò. Àwọn ènìyàn ní àwọn kò lè máa wo ẹranko tó ń ṣèpàdé. Ará ibi iṣẹ́ ń bá Olóhùn Iyọ̀ kẹ́dùn, òun sì ń sá fún ilé wa. Mo lọ bá a ní ibùdó ọkọ̀.

“Olóhùn Iyọ̀, ẹ̀gbọ́n yín ń béèrè yín.”

“Ìyàwó wa, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo kó fún ará ìta. Mi ò tiẹ̀ rántí pé kò ní gbọ́.”

“Ojú tí ẹ fi ń wò ó tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ dìde jàre.”

Nígbà tí a délé, ọkọ mi ti gbé kátúùnù àtijọ́ sí. Kò bá a wí. Ó ní kó jókòó ti òun, ó fọwọ́ sọ pé, “Ìwọ ni Ewúrẹ́ báyìí. Èmi á máa ṣe Àkùkọ.”

Ewúrẹ́ jẹ aṣọ. Ọkọ mi fọwọ́ ṣe Àkùkọ, ó bú u dáadáa, ó wá dúró de èsì. Olóhùn Iyọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ló bá fi wọ́n bo ojú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ló ń fi ohùn dídùn yẹn wí.

Ọkọ mi yíjú sí mi. “Kí ló wí?”

Mo rọra fa ọwọ́ náà kúrò lójú àbúrò rẹ̀, mo ní kó fi wọ́n sọ ọ́.