Ápù Tí Armel Kò Tọ́ Wò

Maryvonne Guédon àti Armel ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú oko ìwádìí ìjọba lẹ́bàá ìlú Angers ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún tí Maryvonne pé ogójì ọdún, wọ́n fi bùrọ́ọ̀ṣì kékeré kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó ápù kan sára òmíràn, kí wọ́n lè rí irú tí àrùn kò ní lè mú.

Maryvonne ní, "Ta ló máa dúró de nǹkan yìí fún ogún ọdún?"

Armel bú sẹ́rìn-ín. "Ìjọba ni, ìyá arúgbó! Àwa kàn ń bá wọn dúró ni."

Àmọ́ ikú kò jẹ́ kí Armel dúró dé òpin. Maryvonne ti fẹ̀yìntì nígbà tí ọ̀gá tuntun ránṣẹ́ pè é padà sí oko, tó sì na ọ̀kan lára èso irú tuntun náà sí i.

"Ìyáàfin Guédon, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ó gé e jẹ, omi rẹ̀ ń kán sí i lágbọ̀n.

"Ó kan díẹ̀," ló wí. "Armel ì bá ti bá mi jiyàn."

Wọ́n fún un ní ọ̀kan mú relé. Ó là á sí méjì, ó jẹ apá kan, ó sì jókòó ti ìkejì títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.