Kọ́bọ̀ Tí Kò Ní Ihò

Ẹni tí kò bá wa ná owó ẹyọ lè má mọ ìdí tí a fi ń sín kọ́bọ̀ ìjọba sí okùn. Bí a ti ń sín owó ẹyọ náà ni. Nígbà tí kọ́bọ̀ oníhò dé sí Ẹdẹ, inú wa dùn pé òyìnbó ti bá wa lu ihò náà tán. A kàn ń ki okùn bọ̀ ọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta obì ní ìdí rélùwéè, kó owó ọjà wálé, ó ní kí n bá òun sín in. Mo ń sín in lọ, ni okùn bá kọ̀. Mo wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Kọ́bọ̀ ni, adé ọba wà lójú rẹ̀, ìràwọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ dí pa.

Mo fi í han ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí àwọn akọ́dà kóòtù de ọkùnrin kan ní Alájué nítòsí wa, wọ́n ní ó ń fi òjé rọ ayédèrú owó nínú oko. Ojú wa ni wọ́n ṣe fà á kọjá. Kò sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, “Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ lọ jù ú sódò.”

“Ṣé odò ló ra obì lọ́wọ́ mi?”

“Ẹ̀wọ̀n ò mọ olóbì o.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kó lu ihò sí i. Bó bá ti jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ta ni yóò dá a mọ̀? Ìyá wa, tó ń bọ Ọbàtálá, gba kọ́bọ̀ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Bí wọ́n ṣe bí i nìyí. Ṣé ẹ máa ń na àfín kó lè dúdú ni? Ẹ fi í sílẹ̀.”

“Ìyá, òyìnbó ò bọ òòṣà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Alágbẹ̀dẹ gbé e lé owú, ó fi ẹnu ìlu, irin ṣóṣóró tí wọ́n fi ń lu ihò, sí àárín rẹ̀, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ti gbé ọwọ́ sókè nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣú. Akọ́dà kan ló dúró síbẹ̀, ó gbé àdá wá pọ́n.

“Kí lẹ ń rọ níbẹ̀ un?”

 Ó mú kọ́bọ̀ náà, ó mú ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn dé kóòtù.

Akọ̀wé kóòtù mú kọ́bọ̀ oníhò kan jáde. Ó sọ méjèèjì sórí òkúta; ohùn wọn dọ́gba. Ó fi èékánná họ àárín tiwa. Bó bá jẹ́ òjé ni, ojú ọgbẹ́ ì bá hàn, ṣùgbọ́n kò sí. Ó wá ibi tí wọ́n ti lè fi nǹkan dí ihò. Kò rí oríkèé kankan.

“Ihò fo èyí níbi tí wọ́n ti rọ ọ́ ni,” ó wí. A mí. Ni ìka rẹ̀ bá dúró lójú ibi tí ìlu ti tẹ̀ sínú. “Èyí ńkọ́? Èyí kì í ṣe àbímọ́. Ọgbẹ́ tuntun ni. Ta ló lù ú?”

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀.

“Èmi ni, sà. Okùn ni mo fẹ́ kì bọ̀ ọ́.”

Akọ́dà bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. “Ká ní ìlu yọ ní òdìkejì, owó ọba lo bà jẹ́ nù un. Ẹ̀wọ̀n nìyẹn.”

Ó ju tiwa sí àpò ara rẹ̀, ó na oníhò náà sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi fà sẹ́yìn bí ẹni rí paramọ́lẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ fi ra obì.”

“Obì ta?”

“Ti ẹnikẹ́ni, sà. Kó ṣá má jẹ́ tèmi.”

Ó ní ká máa lọ. Lójú ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí léraléra bóyá akọ́dà ń tẹ̀ lé wa. Èmi gan-an ò lè yí ọrùn wò. Ó pẹ́ kó tó padà sí ìdí rélùwéè, nígbà tó sì padà, iyọ̀ àti èlùbọ́ ló ń gbà dípò obì rẹ̀. Bí oníbàárà bá na kọ́bọ̀ sí i, á ní kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.