Ẹ̀san Ẹni Tó Kọ́kọ́ Parí

Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá ti ilé ìwé dé tó ju báàgì sórí àga, a ti mọ̀ pé ọ̀gá àgbà ti tún múnú bí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ́ àwọn ọmọ tí orí wọn pé jù ní ìṣirò, nínú kíláàsì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá Ìdí Ọ̀rọ̀ là ń pè é nílé. Bí òrùlé bá ń jò, kò ní wo ibi tó ń jò nìkan. Á wo gọ́tà, á wo igi tó ń wọ́wé sínú rẹ̀, á wá bi wá pé ta ló gbin igi síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan tó máa ń ṣáájú gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́yìn. Ọ̀gá ní bí kò bá ṣe dáadáa, kíláàsì ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ, ọmọ mi?"

"Mà, ẹni tó bá tètè parí, ẹ máa ń fún un ní iṣẹ́ mìíràn."

Òfin ilé ìwé ni lóòótọ́. Ló bá gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ọmọ yìí ò gọ̀ o. A fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀ torí ó yára, òun náà wá ń falẹ̀. Bó ṣe ń falẹ̀ la ń pè é ní ọ̀lẹ, tí a tún ń fi iṣẹ́ kún un. Òfin yẹn ló yẹ ká tún ṣe."

"Ẹ fún un ní lẹ́sìnnì ọ̀sán, olùkọ́."

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́! Lẹ́sìnnì ọ̀sán tún dá kún un, wọ́n sì gbé ọmọ lọ sísàlẹ̀.

Láìpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi pàdé ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Mà, ẹ má dààmú mọ́. Kí n tó dáhùn ìdánwò, mo máa ń ṣírò iye máàkì tí àwọn tó kù máa gbà, kí n lè bọ́ sáàárín wọn. Kò tíì tàsé rí."

Omijé ìbínú ni ẹ̀gbọ́n mi fi sọ ọ́ fún mi. Ó ní látọjọ́ tóun ti ń kọ́ ìṣirò, òun ò tíì rí ọmọ tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kò sì lè sọ fún ọ̀gá, torí iṣẹ́ ni yóò tún fi kún ti ọmọ náà.