Iyán Inú Odó

Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi ń kéde fún gbogbo ọmọ Èkìtì, nílé àti lẹ́yìn odi, pé guguru mi dà nù lọ́sàn-án òní.

Fíìmù ni èmi àti Màámi jọ ń wò nílé wa ní Adó. Káfíńtà tí kò ríṣẹ́ ni bàbá inú rẹ̀, ọmọ mẹ́ta ló bí. Ìyá gúnyán, ó bu gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ó ní, "Ẹ máa jẹun. Èmi á jẹ ti inú odó."

Bí Màámi ṣe máa ń sọ fún àwa ọmọ wọn nígbà tí a wà ní kékeré gan-an nìyẹn. A máa ń jowú wọn. A rò pé ibi tó dùn jù ni wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ sínú odó.

Ni fíìmù bá fi inú odó hàn wá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá náà da omi sí i, ó ṣàn án, ó sì mu omi náà.

Ibẹ̀ ni guguru ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Màámi, iyán inú odó yín nígbà yẹn, ṣé ó máa ń pọ̀?"

Wọn ò wojú mi. "Uyán wo? Ṣa guguru ẹ nílẹ̀ kí èèrà tó dé."

"Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣebí ẹ yó?"

A yó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ìró ṣíbí tó ń ha inú odó, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan ní ilé ìdáná.

Kí ni ìyá tiyín máa ń ní òun ti jẹ?

ÌKÉDE: Màámi ti ka gbogbo èyí. Wọ́n ní irọ́ ni, àwọn yó. Ẹni tí àánú wọn bá ń ṣe, kó wá bá wọn gúnyán ìrọ̀lẹ́.